Okùn, Aago àti Àṣẹ: Bí Accra Ti Jìnnà sí Èkó àti sí New York

Ìbéèrè kan wà tí tọmọdé tàgbà máa ń bèèrè nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú: "Báwo ni ibẹ̀ ti jìnnà tó?" Bí a bá sì fetí sí ìdáhùn, a óò rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ máìlì tàbí kìlómítà. Wákàtí ni wọ́n máa ń kà. Ní Darkuman, àdúgbò tí èrò kún ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú Accra, ohun tí a óò gbọ́ ni pé London jẹ́ wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, New York jẹ́ wákàtí mọ́kànlá, Èkó kò sì ju wákàtí kan lọ. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ pátápátá yóò dé Èkó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu ńlá.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń wọn ọ̀nà òfúrufú. Èkínní ni okùn, èyíinì ni bí ilẹ̀ kan ti jìnnà sí èkejì gan-an. Èkejì ni aago, èyíinì ni iye wákàtí tí ẹ̀rọ àti afẹ́fẹ́ yóò gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ: ìwé ìrìnnà, owó orí tíkẹ́ẹ̀tì, àdéhùn láàárín ìjọba àti ìjọba, àti ìdúró lẹ́nu ibodè. Ọlọ́run ni ó dá èkínní. Ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń tún èkejì ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa tìkára wa ni ẹ̀kẹta wà, òun gan-an ni ó sì mú kí Áfíríkà jìnnà sí Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi Accra ṣe ibùdó wa.

OKÙN LÓRÍ AYÉ RÓBÓTÓ

Ilé ìwé ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa mọ̀ pé ayé rí róbótó, àti pé bí ènìyàn bá lè yí i po tán, yóò ti rin nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Àwọn onímọ̀ pín àyíká yìí sí ọ̀nà 360, tí à ń pè ní dígírì, tí ó fi jẹ́ pé dígírì kan tó nǹkan bí 111 kìlómítà. Ẹni tí ó bá di nọ́ńbà kan yìí mú ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí Accra wà mú kí ìṣirò náà rọrùn ju ti ìlú púpọ̀ lọ. Ìlà òòró tí gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, èyí tí ó ti Greenwich ní London wá, gba Tema kọjá, ìlú èbúté tí kò jìnnà sí Accra. Nítorí náà Accra àti London fẹ́rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, èkejì lókè. Pápá ọkọ̀ òfúrufú Accra wà ní dígírì 5.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Heathrow ní London wà ní dígírì 51.5. Ẹ yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó pọ̀, yóò ku nǹkan bí 46. Ẹ sọ 46 di ìlọ́po 111, yóò lé díẹ̀ ní 5,100 kìlómítà, tí í ṣe nǹkan bí máìlì 3,170. Ọmọ kíláàsì kẹfà lè ṣe é láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ti Èkó kò ní wàhálà rárá. Láti Accra dé pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, nǹkan bí 400 kìlómítà ni, tàbí máìlì 250. London fi ohun tí ó ju ìlọ́po méjìlá lọ jìnnà ju Èkó.

New York ni ó gba àròjinlẹ̀, nítorí pé ìwọ̀ oòrùn àti àríwá ni ó wà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú rúlà, tí ó fa ìlà gbọọrọ láti Accra dé New York lórí máàpù tí a fi kọ́ ara ògiri, ìlà náà yóò bọ́ sórí òkun ní agbègbè Gáńbíà àti gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Yóò rò pé òun ti rí ọ̀nà tí ó yá jù lọ. Ṣùgbọ́n máàpù pẹlẹbẹ máa ń tan ni jẹ, nítorí pé a kò lè tẹ́ èèpo ọsàn sórí tábìlì kí ó má ya. Kí olùkọ́ wá fún un ní ayé róbótó àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kí ó fi orí okùn kan lé Accra, kí ó fi èkejì lé New York, kí ó sì fà á le. Okùn náà kò ní gba ibi tí rúlà gbà. Yóò kọrí sí àríwá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọjá nítòsí Bamako ní ilẹ̀ Mali, yóò sì bọ́ sórí òkun ní agbègbè Nouakchott ní ilẹ̀ Mauritania. Ọ̀nà tí ó dàbí ẹni pé ó wọ́ yìí ni ó kúrú jù: nǹkan bí 8,220 kìlómítà, tàbí máìlì 5,100. Ọ̀nà tí rúlà là fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà gùn jù ú lọ.

Bí ọ̀rọ̀ okùn ti rí nìyẹn. Lóòótọ́, awakọ̀ òfúrufú kì í tẹ̀lé okùn yìí láìyẹsẹ̀, nítorí pé òjò líle, afẹ́fẹ́ tàbí ogun lórí ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lè mú un yà. Ṣùgbọ́n okùn ni òdiwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà tí a ń gbà jẹ́ ọ̀nà tí ó tọ́, tàbí ọ̀nà tí ẹlòmíràn yàn fún wa. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi gbólóhùn yìí pamọ́, a óò padà bá a láìpẹ́.

AAGO ÀTI AFẸ́FẸ́

Ọkọ̀ òfúrufú ńlá ti òde òní máa ń sáré tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè tán. Ẹni tí ó bá fi èyí pín 400 kìlómítà Èkó yóò rò pé kò yẹ kí ìrìn náà tó ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra yí jáde síbi ìsáré, kí ó gun òkè, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí kò tíì pẹ́ tí ó gùn ún tán. Gbogbo èyí ni ó sọ ọ́ di bí ìṣẹ́jú àádọ́ta sí wákàtí kan. Bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ṣe ń jẹ púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀.

Lórí ọ̀nà New York, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Ní òkè gíga lójú òfúrufú, ní apá àríwá òkun Àtìláńtíkì, afẹ́fẹ́ líle kan wà tí ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ọkọ̀ tí ń lọ sí Amẹ́ríkà ń dojú kọ ọ́; èyí tí ń bọ̀ fi í ṣe atẹ̀yìntini. Ìdí nìyí tí àlọ fi máa ń tó wákàtí mọ́kànlá, tí àbọ̀ sì máa ń tó mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn kan náà ni. Kò sí ohun tí ó yí padà lórí ilẹ̀. Ohun tí kò ṣeé fojú rí ni ó mú wákàtí kan lọ.

Aago fúnra rẹ̀ a máa ṣe eré. Èkó fi wákàtí kan ṣáájú Accra. Ẹni tí ó bá gbéra ní Accra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí ó sì jókòó fún wákàtí kan, aago mẹ́wàá ni yóò bá ní Ìkẹjà. Bí ó bá sì gbéra ní Ìkẹjà ní aago mọ́kànlá, aago mọ́kànlá náà ni yóò balẹ̀ ní Accra, bí ẹni pé kò rin ìrìn kankan. Ní ti New York, aago wọn fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn sí ti Accra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, márùn-ún nígbà òtútù. Ẹni tí ó bá gbéra ní Accra ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ó fi wákàtí mọ́kànlá wà lójú òfúrufú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìdájí ni ti ìlú tí ó dé. Ti London ni kò ní ariwo: nígbà òtútù, aago méjèèjì bá ara wọn mu rẹ́gí. Ènìyàn a la aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun Mẹditaréníà kọjá láìfọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀.

LÁTI ORÍ OMI DÉ OJÚ ÒFÚRUFÚ

Kí a tó máa yin wákàtí mọ́kànlá, ó yẹ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní 1935, Kwame Nkrumah fi Góòlù Kóòsì sílẹ̀ láti lọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Lincoln ní Pennsylvania. Ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀. Liverpool ni ó kọ́kọ́ dé, kí ó tó tún sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ mú okùn yín jáde, ẹ ó rí i pé Liverpool kò sí lórí ọ̀nà náà rárá. Ohun tí ó mú un gba ibẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn tí ń ṣàkóso wa ń lọ. Ní àkókò náà, Nnamdi Azikiwe, tí òun náà ti kàwé ní Lincoln ṣáájú, wà ní Accra tí ó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post, kí ó tó padà sí Èkó ní 1937 láti dá West African Pilot sílẹ̀. Títí di ọdún tí a gba òmìnira àti lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi bí Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ṣì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Apapa lọ sí Liverpool. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń lò lórí omi.

Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú dé, ọ̀nà ìjọba náà ni ó kọ́kọ́ gbà. Ní 1936 ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí ti Khartoum wá sí Kánò, tí ó sì dé Èkó. Ní 1937 ó dé Accra. Ẹni tí ń ti Accra lọ sí London nígbà náà ní láti kọ́kọ́ kọrí sí ìlà oòrùn dé ilẹ̀ Sudan, kí ó tó yí padà sí àríwá gba Íjíbítì lọ. Okùn ní kí ó lọ sókè tààrà. Àṣẹ ní kí ó yí gbogbo aṣálẹ̀ ká, kí ó lè máa bà sórí ilẹ̀ tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1940, ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi kó ọkọ̀ òfúrufú ogun tí wọ́n tò pọ̀ ní Takoradi gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá lọ sí Cairo. Ilẹ̀ wa wúlò fún ogun wọn, àwọn pápá tí a ń balẹ̀ sí lónìí sì jèrè nínú rẹ̀.

Ní 1946, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáńbíà pọ̀. Nígbà tí òmìnira dé, kò sí ẹni tí ó fẹ́ bá ẹlòmíràn pín ọkọ̀. Gánà dá Ghana Airways sílẹ̀ ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira rẹ̀. Nàìjíríà náà yọ tirẹ̀ lọ́dún kan náà, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways. Ní 1961, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tí ń sọ Faransé para pọ̀ dá Air Afrique sílẹ̀. Kò yẹ kí a bú àwọn baba wa fún èyí. Àsíá tí a kùn sí ìrù ọkọ̀ òfúrufú jẹ́ ọ̀nà kan tí orílẹ̀-èdè tuntun fi ń sọ fún ayé pé òun ti dàgbà, àwọn tí ó rí ọkọ̀ wọ̀nyí tí ó kọ́kọ́ balẹ̀ kò sì jẹ́ gbàgbé ìdùnnú ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìdùnnú kì í ra epo. Air Afrique wọlẹ̀ ní 2002, Nigeria Airways ní 2003, Ghana Airways ní 2004. Láàárín ọdún mẹ́ta, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi yangàn pòórá lójú òfúrufú. Gbèsè, àìṣèdéédéé àti ọwọ́ àwọn olóṣèlú nínú iṣẹ́ ni ó pa wọ́n. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ìbéèrè tí wọn kò dáhùn: ta ni yóò máa gbé ọmọ Áfíríkà lọ bá ọmọ Áfíríkà?

ÀṢẸ

Àṣẹ tí a ti ń mẹ́nu bà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí. Ní oṣù Kejìlá 1944, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè péjọ sí Chicago, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òfúrufú tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì kò ní àga níbẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì wà. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí ìjọba méjì kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n ṣe àdéhùn lórí ilé iṣẹ́ tí yóò máa fò, ìlú tí yóò máa bà sí, àti iye ìgbà lọ́sẹ̀, kí ọkọ̀ akérò tó lè máa ná ọ̀nà láàárín wọn.

Ní 1999, àwọn mínísítà ilẹ̀ Áfíríkà pinnu ní Yamoussoukro, ní Ivory Coast, pé kí a tú ìdè yìí láàárín ara wa, kí ilé iṣẹ́ Áfíríkà lè máa fò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ka iye ìgbà fún wọn. Ní oṣù Kìíní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tún gbé ọjà òfúrufú kan ṣoṣo kalẹ̀ ní Addis Ababa, Nàìjíríà àti Gánà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Láti Yamoussoukro dé Addis Ababa, ó gba ọdún méjìdínlógún kí ọ̀rọ̀ kan náà tó ti inú ìwé kan bọ́ sínú ìwé mìíràn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ olú-ìlú Áfíríkà ni kò sí ọkọ̀ tí ń lọ tààrà sí láti Accra, nígbà tí ọkọ̀ tí kò dúró lọ́nà wà fún London àti New York.

Owó náà tún wà níbẹ̀. Lórí ìrìn kúkúrú, owó tí ìjọba àti àwọn aláṣẹ pápá ń gbé lé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ẹni tí ń lọ sí 400 kìlómítà àti ẹni tí ń lọ sí 5,000 jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà kọjá. Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn olórí ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí i pé kí a mú owó-orí kúrò lórí ìrìn òfúrufú, kí a sì dín owó iṣẹ́ èrò àti ti ààbò kù ní ìdá mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Ìpinnu dáradára ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ìtàn Yamoussoukro mọ̀ pé ojú tíkẹ́ẹ̀tì ni a ti ń rí òtítọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú ìwé àdéhùn.

Kí a má sì rò pé owó nìkan ni àṣẹ fi ń mú ọ̀nà jìn. Kò sí ẹni tí ó mọ èyí ju àwọn Yorùbá tí ó gbé Gánà lọ. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwọn oníṣòwò ti ń ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho lọ sí ilẹ̀ náà; ní Accra fúnra rẹ̀, àdúgbò tí à ń pè ní New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà tàbí kí ó kúrò ní ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ọkọ̀ Elder Dempster fi ń dé Liverpool. Àwọn tí a bí ní Gánà, tí wọ́n ní ìsọ̀ àti ilé níbẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí ìlú tí ọmọ wọn kò rí rí.

Nígbà tí ó di oṣù Kìíní 1983, ó kàn wá. Ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Gánà. Ẹnu ibodè Gánà àti Tógò wà ní títì pa ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì há sí ilẹ̀ Benin nínú oòrùn àti ebi, pẹ̀lú àpò tí a ṣì ń pè ní "Ghana must go" títí di òní. Láti Èkó dé Accra kò fi kìlómítà kan gùn sí i lọ́dún náà. Àṣẹ ni ó gùn.

LÁTI DARKUMAN DÉ ÈKÓ

Ẹ jẹ́ kí a wá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìṣirò fún ẹnìkan tí ń gbé ní Darkuman, tí ó fẹ́ lọ rí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ilé rẹ̀ dé pápá ọkọ̀ òfúrufú Accra, bí ẹyẹ bá fò ó, kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í wọ tírótíró. Ì báà gba Kaneshie àti Circle, ì báà gba títì ńlá N1 tí wọ́n ṣí ní 2012, kọjá Lapaz lọ sí Tetteh Quarshie, ó yẹ kí ó fi wákàtí kan sílẹ̀ fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó dé pápá ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ó wọ ọkọ̀, wákàtí kan. Ní Ìkẹjà, ó tò fún ìwé ìrìnnà, ó tún dúró de ẹrù, bí wákàtí kan. Láti Ìkẹjà dé Ìsàlẹ̀ Èkó, wákàtí kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́. Bí a bá rò ó pọ̀, wákàtí mẹ́fà sí méje ni, nínú èyí tí ó jẹ́ pé wákàtí kan ṣoṣo ni ó fi wà lójú òfúrufú.

Ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ọkọ̀ tí ó gbéra ní Accra a ti máa balẹ̀ ní London. Lóòótọ́, ẹni tí ń lọ sí London náà ń tò, ó sì ń gba súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà. Ṣùgbọ́n fún òun, ìtò jẹ́ àfikún sí ìrìn. Fún ẹni tí ń lọ sí Èkó, ìtò ni ìrìn fúnra rẹ̀.

Bí ó bá wá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù, tí ó sì yan ojú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ kò pé 500 kìlómítà. Ibodè mẹ́ta ni yóò kọjá: Aflao láti Gánà bọ́ sí Tógò, Hillacondji láti Tógò bọ́ sí Benin, Sèmè láti Benin bọ́ sí Nàìjíríà. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí ó péye. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ pé lẹ́nu ibodè, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé náà, owó ni a sì fi ń sọ ọ́. Ọ̀nà tí ó yẹ kí mọ́tò rìn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán wá di iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ

Kì í ṣe pé kò sí ohun rere kankan. Láti 2010 ni ilé iṣẹ́ ASKY ti fi Lomé ṣe ibùdó, tí ó ń so àwọn olú-ìlú ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà pọ̀. Ní 2014, orílẹ̀-èdè márùn-ún, láti Ivory Coast dé Nàìjíríà, fọwọ́ sí ìwé láti la ojú ọ̀nà ńlá kan tí yóò gùn tó 1,028 kìlómítà láti Abidjan dé Èkó. Ìwọ̀nyí fi hàn pé ohun tí à ń béèrè ṣeé ṣe. Ó sì tún fi hàn pé ìfẹ́ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa tó ìfaradà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ mú okùn àti ayé róbótó wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn Accra sí London, Accra sí Èkó, Èkó sí Addis Ababa, kí wọ́n sì kọ kìlómítà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi ẹni tí ó ti rin ìrìn náà léèrè iye wákàtí tí ó gbà á láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí wọ́n kọ èyí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí àlàfo tí ó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì fúnra rẹ̀ kò ní nílò pé kí ẹnikẹ́ni wàásù ìṣọ̀kan Áfíríkà fún un. Yóò béèrè ẹni tí ó jẹ wákàtí tí ó sọnù.

Àwọn tí ń ṣe ìjọba ni mo kàn sí lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n sún Èkó mọ́ Accra. Ẹlẹ́dàá ti ṣe èyí. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ tí ó yá ju ti òní lọ. Àwọn onímọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí: kí owó-orí kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ti wí, kí ilé iṣẹ́ Áfíríkà lè fò bí wọ́n ti wí, kí ibodè mẹ́ta ojú ọ̀nà má sì gba owó tí òfin kò mọ̀. Ìpinnu Yamoussoukro ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ báyìí. Ọmọ tí a bí lọ́dún tí wọ́n kọ ọ́ ti tó ẹni tí ń fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, àgbà ni yóò sì máa fi bi wá léèrè ohun tí a ṣe.